Bí Mo Ṣe Fún Àpérò Abẹ́ Àtíbàbà ní Máàkì Mẹ́ta

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù keje, ọdún 1959, ọmọ mi obìnrin, Ọdẹ́bùnmi, kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Èmi ni mo bí i, èmi ni mo sin ín, èmi náà ni mo fi ìwé àti lẹ́ẹ̀dì ṣe ohun tó pa á.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ jókòó síwájú mi, ẹ kọ lẹ́tà sí mi pé ẹ fẹ́ ṣe ìwé kan tí yóò máa fún àpérò àwọn ọ̀mọ̀wé ní máàkì, kí ìjọba lè mọ èyí tó yẹ kí wọ́n máa rán yín lọ àti èyí tí kò yẹ. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé mo ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Òótọ́ ni. Èmi Ọdẹ́gbèmí, ọmọ Ìdó-Ọdẹ, mo ti wọn àpérò mẹ́ta nínú igbó àwọn iwin, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò lè dé kí ó má tọ̀ sára. Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u nísinsìnyí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró.

Mo ka ìwé girama jáde kí n tó gba ìbọn lọ́wọ́ bàbá mi. Mo ti pa ẹfọ̀n mọ́kànlá. Mo pa ẹkùn kan pẹ̀lú àdá lọ́jọ́ tí ìbọn kọ̀. Ẹ má pàtẹ́wọ́. N kò tíì sọ ohun tó yẹ kí ẹ pàtẹ́wọ́ sí.

Àṣà kan wà ní Ìdó-Ọdẹ tí àwọn ọdẹ ìlú míràn kò ní. A kì í wo ojú ẹran tí a bá ti pa. Láti ẹ̀yìn la ti ń gé orí rẹ̀, láti ẹ̀yìn la ti ń kà á, ara ògiri la sì ń kọ ojú rẹ̀ sí bí a bá gbé e kọ́, kí ẹran náà má baà dá wa mọ̀. Orí tó wà lára ògiri ọdẹ la fi ń mọ bí ọdẹ náà ṣe tó. A kì í béèrè ẹni tó jẹ ẹran náà, tàbí bóyá ó yó. Iye orí ni. Ti èmi jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogójì, kò sì sí ẹni tó ní tó bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ọdún yẹn ni Àrùn Èèpo wọ ìlú wa. Àwọn ọmọ wa ló ń mú. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti gìgísẹ̀. Awọ ara yóò le, yóò dúdú, yóò sán bí èèpo ìrókò, yóò sì máa gòkè ní ìwọ̀n ìka kan lójúmọ́. Bó bá dé orúnkún, ọmọ kò ní rìn mọ́. Bó bá dé àyà, àyà kò ní lè fẹ̀ láti mí. Ọmọ mẹ́fà kú láàárín oṣù kan. Nígbà tó mú Ọdẹ́bùnmi, ọmọ mẹ́rìnlá mìíràn ló wà lórí ẹní nínú ìlú. Ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i. Kò ní ẹlòmíràn ju èmi àti Ṣẹ̀gilọlá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, “Ọdẹ́gbèmí, ìwọ lo mọ ìwé, ìwọ lo mọ igbó. Wọ́n ní àwọn iwin máa ń ṣe àpérò lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń fi ohun tí wọ́n mọ̀ han ara wọn. Lọ wá èyí tó dára jù nínú àpérò wọn, kí o béèrè ìwòsàn Èèpo níbẹ̀.”

Mo ní, “Baálẹ̀, báwo ni n ó ṣe mọ èyí tó dára jù?”

Ó ní, “Ìwọ lo lọ sí girama. Ṣé èmi ni n ó kọ́ ọ?”

Mo padà sílé, mo ya ìwé kan, mo fa ìlà mẹ́ta sí i. Ìlà kìíní: ẹni mélòó ni wọ́n ń dá padà lẹ́nu ọ̀nà? Ìlà kejì: ẹ̀ẹ̀melòó ni àwọn ará ìta ń pe orúkọ wọn? Ìlà kẹta: báwo ni àwọn tó jókòó síwájú ṣe gbajúmọ̀ tó? Mo pín ọgọ́rùn-ún máàkì sáàárín wọn. Inú mi dùn sí ìwé náà. Ó mọ́, ó gún régé.

Ọdẹ́bùnmi jókòó sórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ bí ìtì igi méjì. Èèpo ti dé orúnkún rẹ̀. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á.

“Bàbá, níbo lẹ kọ ọ́ sí bóyá wọ́n mọ nǹkan náà?”

“Bí wọn kò bá mọ nǹkan, ṣé ẹgbẹ̀rún èèyàn á máa tò sẹ́nu ọ̀nà wọn kí wọ́n lè lé wọn padà?”

“Ó lè jẹ́ oúnjẹ ibẹ̀ ló dùn.”

Ṣẹ̀gilọlá bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo gba ìwé mi padà.

“Ẹ tètè dé o, Bàbá,” ọmọ náà wí. “N kò fẹ́ di àga.”

Mo wọn ara rẹ̀ láti orúnkún dé àyà. Ogójì ìka ni. Ogójì ọjọ́ nìyẹn. Mo gbé ìbọn, mo kúrò nílé.

Ní ọjọ́ karùn-ún mo dé ibi tí igbó èèyàn parí sí. Adènà ibẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún, nítorí náà ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè kí ó lè rí mi dáadáa. Abẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ọdẹ, ilé kan wà. Bí wọ́n ṣe ń lé èèyàn kúrò níbẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iyì rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ilé wo ni?”

Kíá ni mo dáhùn. “Ààfin ni.”

“Ó súnmọ́ ọn. Kì í ṣe òun.”

Ó na ọwọ́, ó sì gé etí mi òsì. Ẹ wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ dìde kí ẹ lè rí i. N kò pariwo. Mo di ojú egbò náà mú, mo ní, “Ìyá, ilé wo wá ni?”

“Wàá dé ibẹ̀. Wàá tiẹ̀ yìn ín.” Ó nu abẹ rẹ̀ mọ́ ewé. “Gbọ́ òfin. Ìbéèrè kan ṣoṣo, èyí tó gbé e kúrò nílé, ni ẹlẹ́ran ara ní nínú igbó yìí. Àpérò tí o bá bi, òun náà ni. Bí o bá tún gbé ìbéèrè kan náà lọ síwájú àpérò kejì, ahọ́n rẹ yóò di òkúta lẹ́nu rẹ. Ìwọ náà yan èyí tó wù ọ́.”

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi nílò ìwé mi báyìí? Ká ní ó ṣeé ṣe kí n bi gbogbo wọn ni, n kì bá tí wọn ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì mo kan àpérò àkọ́kọ́. Abẹ́ àtíbàbà kan ni, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bò ó. Kò ní ògiri, kò ní ìlẹ̀kùn. Iwin mẹ́sàn-án ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ wọn, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin arúgbó kan tí ọrùn rẹ̀ gùn bí ọrùn lékeléke ni wọ́n ń pè ní Ìyá Alámọ̀. Ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ láàárín wọn. Èèpo ti bo ewúrẹ́ náà dé ìbàdí.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má wo ara yín. Èèpo yẹn gan-an ni.

Ìyá Alámọ̀ rí mi, ó ní, “Wọlé, jókòó. Má tẹ amọ̀ yẹn, ó ṣì tutù.”

Mo ní, “Ta ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yín?”

“Ẹnu ọ̀nà wo?”

“Ẹni mélòó lẹ ti dá padà lọ́dún yìí?”

Wọ́n wo ara wọn. Iwin kan tí kò ní ju ehín kan lọ ní, “A dá Lápàdé padà lẹ́ẹ̀kan. Ó ń sunkún, ó fẹ́ lọ sùn nílé.”

“Mo padà wá lọ́jọ́ kejì,” Lápàdé dáhùn láti ẹ̀yìn ewúrẹ́.

Mo kọ òdo sí ìlà kìíní. Mo bi wọ́n bóyá àwọn ará ìta ń pe orúkọ wọn. Wọ́n ní ìyàwó Lápàdé máa ń pè é bí oúnjẹ bá jinná. Mo kọ òdo sí ìlà kejì. Mo wo iwájú láti mọ ẹni ńlá tó jókòó síbẹ̀. Ewúrẹ́ náà ló wà níwájú. Nítorí pé Ìyá Alámọ̀ dàgbà, mo fún wọn ní mẹ́ta ní ìlà kẹta.

Ó béèrè pé, “Kí lo kọ síbẹ̀?”

“Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.”

“Ó ga ju ti àná lọ. Ẹni tó wá lánàá fún wa ní méjì.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí ewúrẹ́ fi gbé orí sókè. Lẹ́yìn náà arúgbó náà dẹ́kun ẹ̀rín, ó tẹjú mọ́ mi. “Ọdẹ, ìbéèrè wà lẹ́nu rẹ. Mò ń rí i bó ṣe ń ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Bi wá. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, a ó sọ fún ọ pé a kò mọ̀ ọ́n, a ó sì jọ wá a.”

Mo ní, “Ìgbà mélòó lẹ ti gbìyànjú ti ewúrẹ́ yìí?”

“Igba ó lé mọ́kàndínlógún.”

“Mélòó ló yọrí sí rere?”

“Kò tíì sí.” Ó sọ ọ́ láìtijú, bí ẹni tó ń sọ pé oòrùn mú.

Ẹ gbọ́ ohun tí n ó sọ yìí dáadáa, nítorí òun ni mo ṣe wá. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni wọ́n ń sọ. N kò fọ́jú. Mo rí èèpo, mo rí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó nà gbọọrọ bí ẹsẹ̀ Ọdẹ́bùnmi. Ṣùgbọ́n ìwé wà lọ́wọ́ mi, ìwé sì sọ pé mẹ́ta ni wọ́n. Mo ní nínú ara mi pé n kò ní fi ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo ní fún àwọn tó ti kùnà ní igba ìgbà ó lé mọ́kàndínlógún. Mo pa ẹnu mi dé, mo gbé ìbọn mi, mo lọ.

“Ó dàbọ̀ o, Ọdẹ Mẹ́ta,” Lápàdé pariwo tẹ̀lé mi.

Àpérò kejì wà ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Pèmíkímipè. Kí n tó dé ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Ní ìlú yẹn, ìwọ̀n ara ẹni jẹ́ ìwọ̀n iye ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ lójúmọ́. Ẹni tí wọ́n bá pè ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, yóò ga bí igi àràbà. Ẹni tí wọn kò pè, yóò máa kéré sí i títí adìẹ yóò fi ṣà á jẹ. Adìẹ ibẹ̀ sì sanra. Nítorí náà wọ́n tò ní òbìrípo, méje méje, mẹ́wàá mẹ́wàá, olúkúlùkù ń pe ẹnìkejì rẹ̀ kí ẹnìkejì lè pe òun. Kò sí ẹni tó ń sọ ohun tí ẹni tí ó ń pè ṣe. Orúkọ nìkan ni.

Iwin kan tó ti kéré tó àtàǹpàkò mi gun orí bàtà mi. Ó ní, “Ọdẹ, mo mọ ìdí tí odò ìlú yín fi ń gbẹ ní gbogbo ọdún. Wíwò ni mo wò ó fún ogún ọdún. Jọ̀ọ́, pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pẹ́lógé ni mò ń jẹ́.”

Mo ń ka iye ìgbà tí wọ́n pe ẹni ńlá kan ní òbìrípo tó wà níwájú. Mo ti ka ẹgbẹ̀ta. N kò fẹ́ kí ó dàrú mọ́ mi lójú. Mo ní, “Dúró ná.”

Adìẹ kò dúró. Mo gbọ́ ìró kékeré kan bí ìgbà tí èèyàn rún àgbàdo sísun. Mo wo bàtà mi, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Mo padà sí kíkà mi. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀, kí òǹkà mi lè péye. Mo fún wọn ní mọ́kànléláàádọ́ta. Ìdí tí n kò fi fún wọn ní jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé wọn kì í dá ẹnikẹ́ni padà.

Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́, ìwọ olùkọ́ tó wà lọ́tùn-ún yẹn, mo rí i pé ò ń kọ nǹkan sílẹ̀. Kí lo kọ?

Ó ní òun kọ ọ́ pé ìlà kejì ní àléébù. Ó dára. Kọ orúkọ Ọ̀pẹ́lógé síbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwọ ni ẹni kìíní tí yóò kọ ọ́.

Ní ọjọ́ kejìlélógún tí mo kúrò nílé ni mo dé Àkọ̀tán, ìlú àpérò kẹta. Ẹ̀yin èèyàn, n kò rí irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí. Ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, orí ni wọ́n sì fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tó bá mú ìmọ̀ wá síbẹ̀ láti sọ, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò gé orí rẹ̀, wọn yóò gbé e kọ́. Olùṣọ́ ibẹ̀, tí ó ní ọwọ́ mẹ́fà, ń sọ ọ́ fún mi tìdùnnútìdùnnú.

“Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ̀rún kan ló wá, a gba mọ́kànlá. Lọ́dún yìí, ẹgbẹ̀rún kan ló wá, a gba méje. Ṣé o rí i bí a ṣe ń dára sí i?”

“Mo rí i,” mo wí. “Lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?”

“Bí Ọlọ́run bá fẹ́, a kò ní gba ẹnikẹ́ni.”

Ẹ̀yìn orí ni wọ́n kọ sí wa, ojú àwọn orí náà wà ní ìdojúkọ inú ìlú. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí bí a ṣe ń ṣe nílé nìyẹn. Mo kà wọ́n láti ẹ̀yìn. Ẹgbẹ̀rún kan ó dín méje. Àwọn mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn ṣì ń kán ẹ̀jẹ̀; àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gé wọn. Bí mo ṣe ń kà wọ́n, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń pè pé, “Ọdẹ! Ọdẹ!” Ọdẹ pọ̀ láyé. Mo rò pé ìrora ló ń sọ̀rọ̀. N kò lọ wo ojú rẹ̀. Mo ka òun náà mọ́ wọn, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fún wọn ní gbogbo máàkì ìlà kìíní.

Ẹni tó bá wá gbọ́ nìkan, tí kò mú ìmọ̀ wá, wọn kì í gé orí rẹ̀. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń gbà, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Olùṣọ́ ní ká ní mo ti fi orúkọ sílẹ̀ ṣáájú oṣù karùn-ún ni, ìdajì àtẹ́lẹwọ́ ni ìbá jẹ́. Ó bó o. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀gún gún páálí tí wọ́n kọ orúkọ mi sí mọ́ ẹran àyà mi, ó ní kí n má yọ ọ́ títí àpérò yóò fi parí. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi tò kí ó tó kàn mí.

Ní inú gbọ̀ngàn, àwọn àgbà méjìlá jókòó síwájú. Irùngbọ̀n wọn gùn débi pé àwọn iwin mìíràn ló ń bá wọn gbé e. Mẹ́rin nínú wọn ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n fi igi ti òkú wọn lẹ́yìn kí ó má ṣubú. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí pé kí ló dé. Ó ní, “Orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé ìpè. Ta ló máa wá bí wọ́n bá yọ ọ́?” Mo fún wọn ní máàkì tó pọ̀ ní ìlà kẹta. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.

Bí wọ́n ṣe pè mí, mo dìde, mo sì bi ìbéèrè mi. “Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n, kí ni ìwòsàn Àrùn Èèpo?”

Wọ́n gbé e fún onídàájọ́ mẹ́ta. Ẹni kìíní ní, “Ìbéèrè yìí ti gbó. Ẹnìkan mú irú rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá.” Ẹni kejì ní, “Ìbéèrè yìí tuntun jù. Kí ó padà wá lọ́dún mẹ́ta.” Ẹni kẹta ń sùn. Wọ́n jí i.

“Kí ló ní?” ó béèrè.

“Ó ní kí ni ìwòsàn Èèpo.”

“N kò fara mọ́ ọn,” ó wí, ó sì padà sùn.

Alága dìde, ó ka ìwé kan tó ti wà ní títẹ̀ kí n tó dé. “A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìbéèrè tó dára pọ̀ lọ́dún yìí, ààyè kò sì tó. Má jẹ́ kí ó bà ọ́ nínú jẹ́.” Wọ́n fún mi ní àpò funfun kan tí wọ́n kọ orúkọ àpérò sí. Mo yẹ inú rẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo jáde. Nígbà yìí, láti inú ìlú ni mo ti ń bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ojú àwọn orí náà ló kọ sí mi. N kò lè yẹra fún un. Ẹgbẹ̀rún ojú ó dín méje. Níbi àwọn mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn, mo rí ọrùn gígùn bí ọrùn lékeléke, tí wọ́n gé láàárín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí ẹnu kan tí ehín kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Lápàdé ló tẹ̀lé e.

Orí iwin kì í kú kí oṣù kan tó pé. Ìyá Alámọ̀ la ojú. Ó ní, “Ọdẹ Mẹ́ta. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ tí ò ń kà wá.”

“Mo gbọ́, Ìyá.”

“O gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

Ó ní, “Ta ni Èèpo mú nílé rẹ?”

“Ọmọ mi ni. Obìnrin.”

“Kí ló dé tí o kò bi wá?”

“Ẹ ti kùnà ní igba ìgbà ó lé mọ́kàndínlógún.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n sọ fún ọ pé àwọn ti kùnà?”

Mo wo àpò funfun ọwọ́ mi. Lápàdé ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá. Etí kan ló kù fún un.”

“Ọjọ́ kẹta tí o lọ ni a rí i,” arúgbó náà wí. “Amọ̀ odò àti àdín, ohun kan náà tí a ti ń lò látìbẹ̀rẹ̀. A ti ń fi í ra ara láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, níbi tí àrùn gbà wọlé. Lápàdé ti rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sí apá òkè ewúrẹ́, ó ń fi í ra láti òkè wá sílẹ̀. Èèpo náà bọ́ bí ìbọ̀sẹ̀. Ewúrẹ́ dìde, ó jẹ imọ̀ orí àtíbàbà. Inú wa dùn. A ní a kò gbọ́dọ̀ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí abẹ́ àtíbàbà, kí a gbé e lọ síbi tí gbogbo ayé yóò ti gbọ́. Wọ́n ní amọ̀ wà lọ́wọ́ wa. Wọn kò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.” Ó di ojú rẹ̀. “Láti òkè wá sílẹ̀, Ọdẹ. Sáré.”

Mo sáré. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí nígbà náà mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi kì í ṣe ẹsẹ̀ èèyàn. Mo sáré kọjá Pèmíkímipè, mo sáré kọjá àtíbàbà tí ewúrẹ́ nìkan kù nínú rẹ̀, mo kọjá lórí Adènà láìkí i. Mo bu amọ̀ odò sínú àpò funfun yẹn, nítorí kò sí ohun mìíràn lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti dáhùn ohùn tó pè mí lẹ́nu ọ̀nà Àkọ̀tán, ní ọjọ́ kejìlélọ́gbọ̀n ni ǹ bá dé. Ọjọ́ kọkànlélógójì ni mo dé.

Ṣẹ̀gilọlá jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Kò dìde.

“Lánàá ni,” ó wí. “Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. A dúró dè ọ́ kí o wá sin ín.”

“Ṣé ó sọ nǹkan?”

“Ó ní kí n gbé òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ń wo ọ̀nà. Lẹ́yìn náà kò lè mí láti sọ̀rọ̀.”

Mo sin ín. Lẹ́yìn náà mo po amọ̀ mọ́ àdín, mo lọ láti ilé dé ilé, mo fi í ra ara gbogbo ọmọ tó ṣì wà lórí ẹní nínú ìlú láti òkè wá sílẹ̀. Ara gbogbo wọn yá kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá ọ̀kan nínú wọn kúnlẹ̀, ó ń súre fún mi, ó ní Ọlọ́run yóò dá ọmọ mi sí. Kò tíì gbọ́. Mo ní, “Àmín.”

Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ na ọwọ́ sókè. Sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Bàbá, ìlà wo ni kí a wá fi kún ìwé náà kí ó lè péye?”

N kò mọ̀ ọ́n. Ká ní mo mọ̀ ọ́n ni, lẹ́tà ni ǹ bá fi ránṣẹ́ sí yín, n kì bá tí jókòó síbí pẹ̀lú egbò ẹ̀yìn mi. Mo lè sọ fún yín ohun tí Ọdẹ́bùnmi fi sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta tí mo sin ín, bó ṣe wà nínú ilé.

Aṣọ mẹ́rin, a kò tíì ṣẹ́tí ọ̀kan.
Bàtà rọ́bà kan, tuntun.
Ìwé kíkà kan tí wọ́n yá a, tí a kò tíì dá padà.
Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí a gé kúrò lára rẹ̀ kí a tó lè wẹ̀ ẹ́.
Agbọ̀n èèpo kan, èyí tó bọ́ nígbà tí a ń wẹ̀ ẹ́.
Ebè iṣu méjìlá lẹ́yìn ilé, èyí tó kọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó le.
Àwokòtò kan tó ní ọmọrí.
Igbá ẹ̀gúsí kan. Ó ti pa ìdajì rẹ̀.